Àmì Tí Èmi àti Àbúrò Ọkọ Mi Ń Ṣe Nídìí Bọ́ọ̀lù

Nígbà ọdún Kérésìmesì tó kọjá, àbúrò ọkọ mi mú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kékeré wá kí wa nílé wa ní Àkúrẹ́. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń gúnyán lọ́wọ́, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti fàráńdà: "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ní kó wọlé wá bá mi, bó ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní atẹ́gùn ìta dára, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ wá ràn mí lọ́wọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́ fún yín. Ọkọ mi wà lálàáfíà, àwọn ọmọ wà lálàáfíà, oúnjẹ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i tó dúró síta yẹn, nǹkan gún mi láyà díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni kò ti fẹsẹ̀ kan ilé ìdáná mi mọ́, èmi gan-an ni mo sì fà á. Ta ni mo lè sọ fún bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí?

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi, Bàbá Tóyìn, ọmọ Oǹdó ni. Sọ̀fíò ni, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló ń ṣe. Àbúrò rẹ̀ tí mò ń sọ yìí nìkan ni wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, torí pé ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Oǹdó, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ló ń gbé. Bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, yóò wọ bọ́ọ̀sì wá sí Àkúrẹ́, yóò sì padà láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wa. Yóò jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, yóò máa bá mi bó iṣu, yóò máa sín àwọn olùkọ́ rẹ̀ jẹ, èmi yóò sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí Èkìtì gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ará ibẹ̀ kó ẹrù wọn lọ sí Adó. Ilé ẹgbẹ́ kan tí ọkọ mi ti máa ń ṣeré lẹ́yìn iṣẹ́ wá dá páropáro, àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tó wà níbẹ̀. Bí tábìlì sunúkà wọn, tí a ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò lórí rẹ̀, ṣe di tiwa nìyẹn. Ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé e wọ ọgbà wa. Bàbá Tóyìn fi páànù bo orí ibi tí wọ́n gbé e sí, ó gbé irinṣẹ́ tó fi ń wọn ilẹ̀ jáde, odindi ọjọ́ kan ló fi ń ki pátákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà kó lè tẹ́jú. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi ti jáde. Ènìyàn mẹ́ta ló ń ta á. Bọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ló wà lórí tábìlì, bọ́ọ̀lù funfun kan sì wà lọ́tọ̀ tí a fi ń gbá wọn. Ẹni kìíní ló ni ọ̀kan dé márùn-ún, ẹni kejì ló ni ẹ̀fà dé mẹ́wàá, ẹni kẹta ló ni ìyókù. Ìwọ kò ní gbá tìrẹ wọ ihò, tàwọn méjì yòókù ni wàá máa lé wọlé. Bí o bá gbá ọ̀kan wọlé, wàá tún gbá. Bí o bá tàsé, ó di ti ẹni tó tẹ̀ lé ọ. Bí funfun bá ṣèèṣì wọ ihò lọ́wọ́ rẹ, àwọn méjèèjì yóò mú bọ́ọ̀lù wọn kọ̀ọ̀kan jáde padà. Ẹni tí márààrún rẹ̀ bá tán ti kú nìyẹn, yóò gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Ẹni tó bá kù tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì ló jẹ. Ẹni-ó-kù ni à ń pe eré náà.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ máa ń gbá, èmi ni mo tẹ̀ lé e, ọkọ mi ló ń kẹ́yìn. Ọkọ mi ló sì máa ń jẹ. Kí ló dé tí kò ní jẹ? Ẹni tó ti fi ogún ọdún wo igun ilẹ̀, ṣé igun tábìlì ni yóò ṣòro fún un? Yóò fi ojú kan wò ó, yóò gbá bọ́ọ̀lù lu etí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì wọ ihò tí a kò rò rárá. Nígbà tó bá jẹ tán yóò na ọ̀pá sí mi, yóò ní, "Ìyá Tóyìn, lọ máa ṣa bọ́ọ̀lù fún wa. Eré yìí, ti ẹni tó mọ igun ni." Èmi náà yóò rẹ́rìn-ín, mo máa ń ṣà á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Bó ṣe ń ṣe nídìí tábìlì náà ló ń ṣe nínú ilé. Òun ló yan ilé ìwé tí Tóyìn lọ, òun ló yan ọ̀dà tí a fi kun yàrá tí èmi ń sùn. Lọ́dún yẹn, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fẹ́ rán mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ tí ìgbéga ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Tóyìn pàdé ọ̀gá náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ fún un pé n kò ní lè lọ. Ẹnu ọ̀gá ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo bi ọkọ mi léèrè, ó ní, "Ta ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ?" Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni ìṣòro mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ohun tí mi ò lè fi ẹnu sọ fún ọkọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí mo fi lè fi bọ́ọ̀lù sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Akọ̀wé ń bó iṣu, mo ní, "Akọ̀wé mi, àwa méjì kò ha lè fi ojú ẹ̀gbọ́n rẹ gbolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?" Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kẹ́ ẹ bi mí." Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú Ẹni-ó-kù, aláìlágbára méjì tó ń na ara wọn kàn ń ṣiṣẹ́ fún alágbára ni. Ó ní òun ló ń gbá ṣáájú mi, ibi tí òun bá sì fi funfun sí ni èmi yóò ti gbá. Bí òun bá mọ bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ lé, òun yóò gbé funfun ka iwájú mi bí àwo oúnjẹ. Bí èmi náà bá sì tàsé, kí n rí i pé mo fi funfun pamọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù mìíràn kí ọkọ mi má baà rí ọ̀nà. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àbí? Bí a ṣe dá àmì sílẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá fọwọ́ kan yẹtí etí mi ọ̀tún, ó túmọ̀ sí pé ihò ọwọ́ ọ̀tún ni mò ń fojú sí. Yẹtí òsì, ihò ọwọ́ òsì. Bí mo bá fa gèlè mi síwájú, kó má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tó ń fojú sí, èmi ni mo fẹ́ gbá a. Bí òun bá fọwọ́ nu imú, bọ́ọ̀lù mi kan wà nínú ewu. Bó bá ṣẹ́jú sí mi, ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

N kò mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, mo sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ níbi tí ọkọ mi kò ti ní rí mi. Nítòsí ilé ìwé Akọ̀wé ní Oǹdó, obìnrin kan wà tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò, tábìlì sunúkà sì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ni mo gba àyè kúrò níbi iṣẹ́, tí mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oǹdó ní ọ̀sán gangan, tí mo gun ọ̀kadà débẹ̀, tí Akọ̀wé kọ́ mi bí a ṣe ń di ọ̀pá mú. Ọkọ mi bi mí níbi tí mo lọ. Mo ní mo lọ kí Màámi, ìyá rẹ̀. Irọ́ kékeré lásán ni mo pè é. Mo rò pé lọ́jọ́ tí a bá nà án tán, a ó sọ ọ́ fún un, gbogbo wa á sì jọ rẹ́rìn-ín. Ẹni bá yọ́lẹ̀ dà, àwọn àgbà ti sọ ohun tó máa yọ́ ọ ṣe, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí eré bá wọ̀ ọ́ lára?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí a dán an wò, lẹ́yìn ìsìn, bọ́ọ̀lù ọkọ mi ló kọ́kọ́ tán. Ó wo tábìlì, ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti wọ́. Sọ́ńdè kejì, bákan náà. Ní ìkẹta, èmi ni mo gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó kẹ́yìn wọlé, èmi ni mo sì kù. Inú mi dùn débi pé mo jó yí tábìlì ká. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi kò wo tábìlì mọ́. Èmi àti Akọ̀wé ló ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń wo ààlà ilẹ̀ méjì tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ilé wa ti yí padà. Ó fi tapólì bo tábìlì náà. Ó ní kí Akọ̀wé má wá sí Àkúrẹ́ mọ́ títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀, oúnjẹ mi kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́, ìkíni nìkan ló kù láàárín wa. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo rò pé nítorí pé a nà án ni. Mo bínú sí i. Mo ní nínú ara mi, ṣé irú àgbàlagbà tí kò lè gba ìyà eré nìyí? Lọ́jọ́ kan tí ó sú mi, mo ní, "Bàbá Tóyìn, nítorí ohun tí èmi àti Akọ̀wé ṣe yìí náà lẹ ṣe ń ṣe báyìí? Ṣé ohun tó tó báyẹn ni?" Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "O tún ń bi mí?" Ó sì jáde. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn pẹ̀lú etí tirẹ̀, kí ẹ wá rí ohun tí mo fi ẹnu ara mi fà.

Ọ̀sẹ̀ keje ni Màámi ránṣẹ́ pe gbogbo wa sí Oǹdó. Ọjọ́ Sátidé ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Màámi jókòó sórí àga rẹ̀, ọkọ mi wà lápá kan, Akọ̀wé wà lápá kejì, ó ti rù. Màámi kì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní, "Ìyàwó mi, ọmọ mi ní àárín ìwọ àti àbúrò òun kò mọ́. Ó ní ẹ̀ ń ṣẹ́jú síra yín níṣojú òun. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ẹ̀yin méjèèjì ní Oǹdó níbí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ìwọ sì ní ọ̀dọ̀ mi lo wá. N kò rí ọ. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ."

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màámi, bọ́ọ̀lù ni."

"Bọ́ọ̀lù wo?"

Mo ṣàlàyé. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni èmi fúnra mi ń gbọ́ ọ bí irọ́. Abilékọ tó ní ọmọ mẹ́ta, òṣìṣẹ́ ìjọba, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó wọ bọ́ọ̀sì láti Àkúrẹ́ wá sí Oǹdó, nítorí kó lè gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò? Ọkọ mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ fún yín." Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Màámi ní kí Akọ̀wé bọ́ síta, kó lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò ní ìkángun àgbàlá, níbi tí kò ti ní gbọ́ wa. Ó ní kí n ka gbogbo àmì náà àti ìtumọ̀ rẹ̀. Mo kà wọ́n. Ó ní kí èmi náà lọ dúró lábẹ́ igi náà, kí n má sì bá Akọ̀wé sọ̀rọ̀ bí a bá pàdé lójú ọ̀nà. Mo lọ dúró síbẹ̀, wọ́n sì pe Akọ̀wé wọlé kó wá ka tirẹ̀. Mo rò ó pé bó bá gbàgbé ọ̀kan ńkọ́? Bí ìbẹ̀rù bá mú un tó sọ ọ̀tún di òsì?

Nígbà tí wọ́n pè mí padà, Akọ̀wé ń sunkún. Ọkọ mi ti gbé ọwọ́ lérí. Màámi ní, "Bákan náà ni, títí kan ti gèlè." Kò fi mọ síbẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní kí a mú òun lọ síbi tábìlì náà. Obìnrin ẹlẹ́rìndòdò yẹn rí mi láti òkèèrè, kò mọ ohun tó ń lọ, ó pariwo pé, "Àǹtí Ọjọ́bọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ ti wá mọ ọ̀pá dì mú báyìí?" Ó yíjú sí Màámi, ó ní, "Màmá, òun àti burọ́dà yìí kì í gbádùn ara wọn rárá. Bó bá ti tàsé báyìí, ìjà ti dé." Màámi ní kí àwa mẹ́ta gbé ọ̀pá. A ta Ẹni-ó-kù níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, bí mo bá sì ti fọwọ́ kan yẹtí, yóò dá wa dúró, yóò bi ọkọ mi pé, "Kí ni ìyẹn?" Ọkọ mi yóò wo tábìlì, yóò wo ihò ọwọ́ ọ̀tún, yóò sì dáhùn jẹ́jẹ́. Nígbà tí Akọ̀wé ṣẹ́jú sí mi, ọkọ mi kò dúró kí wọ́n bi í. Ó ka bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì sunkún. Èmi kò rí i sunkún rí títí di ọjọ́ náà.

Màámi dá ẹjọ́ náà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ kò ṣe ìṣekúṣe, ẹ purọ́. Ìwọ ọkọ, o rí, o kò béèrè. Ìwọ ìyàwó, nǹkan kan ń dùn ọ́ tí o kò sọ. Obìnrin kì í wọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta nítorí eré lásán. Kí ẹ tó dé Àkúrẹ́, sọ ọ́ fún un."

Ní Òwẹ̀nà, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ni ọkọ mi dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó padà wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, kò ṣáná sí i. Ó ní, "Mò ń gbọ́." Mo wo ọwọ́ mi, mo ní, "Ó ti rẹ̀ mí láti máa pàdánù nínú ilé mi. Mo fẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kọ́ Ìbàdàn yẹn, ẹ̀yin kò bi mí." Àwọn tó ń ta èso ń na igbá wọn sí fèrèsé wa, wọ́n rí ojú wa, wọ́n sì lọ. Ó ní, "Mo rò pé nígbà tí o bá dákẹ́, o ti gbà ni." Mo ní, "Èmi náà ni kò sọ̀rọ̀." Ó bẹ̀ mí, mo bẹ̀ ẹ́. A jẹ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kí a tó délé.

N kò ní sọ pé ó di áńgẹ́lì. Ó ṣì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti wọn ayé tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún pe orúkọ mi fún ẹ̀kọ́ Ìbàdàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ló gbé báàgì mi dé gáréèjì, òun ló sì ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní iyọ̀ máa ń pọ̀ jù. Mo gba ìgbéga náà. Akọ̀wé di olùkọ́ ní Òkìtìpupa, ọkọ mi ló ṣe bàbá níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ ń lọ sí oko wa ní Ìlú-Àbò, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Èmi nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́ rí ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ààrò. N kò dá a lẹ́bi. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi ta tẹ́tẹ́, òun kò sì ní ju orúkọ náà lọ nígbà yẹn.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọkùnrin pẹ̀lú, n kò ní kí ẹ má ṣeré. Ẹ ṣeré, ẹ pa ara yín lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin méjì bá ń ṣe ohun kan tí ẹnìkẹta kò gbọdọ̀ mọ̀, ẹ kọ́kọ́ dúró sí ipò rẹ̀, kí ẹ wo ara yín láti ibẹ̀. Bí o bá sì ní ohun tí o fẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́, jókòó tì í ní ọ̀sán gangan, kí o fi ẹnu rẹ sọ ọ́, bí ohùn rẹ tilẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi fi bọ́ọ̀lù sọ tèmi, ọkọ mi sì gbọ́ nǹkan mìíràn.